Alágbẹ̀dẹ Tó Rọ Omidélé

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi, kò sẹ́ni tó lè gbàgbé ẹ̀ ládùúgbò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Alága fi wọlé ìbò: Omidélé. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára fìlà, wọ́n kùn ún sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń kó pàǹtí pàápàá. Lọ́jọ́ ọ̀hún, Alága gé rìbọ́n, ó yí ẹnu ẹ̀rọ, gbogbo èrò na garawa síwájú. Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ló bá pọ aáyán kan jáde. Garawa dúró lọ́wọ́ èrò. Aáyán ọ̀hún gan-an dúró, ó ń wo Alága.

Ọkùnrin tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Alágbẹ̀dẹ já máíkì gbà.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má mikàn! Ṣé ẹ ò mọ ohun tí ẹ rí yìí ni? Afẹ́fẹ́ṣáájú nìyẹn! Afẹ́fẹ́ ló máa ń ṣáájú, omi á wá tẹ̀lé e!"

"Afẹ́fẹ́ṣáájú!" ni èrò dáhùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé garawa òfìfo, wọ́n lọ sílé lọ dúró de omi. Wọ́n ṣì ń dúró dè é.

Ìtàn yìí ni wọ́n ń sọ nínú yàrá ìyàwó Alágbẹ̀dẹ nígbà tí wọ́n sin ọkùnrin náà tán, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Aránṣọ ni ìyàwó. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ti lọ pọn omi nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Wọ́n ní ó rọ ọ̀rọ̀ kan kó tó dákẹ́, ẹ̀rù sì ń bà á pé Alága ló rọ ọ́ fún.

Alágbẹ̀dẹ ò fọwọ́ kan òòlù rí o. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ rẹ̀ kì í ṣaláìní tàdáwà lára. Ọ̀rọ̀ ló ń rọ. Á mú ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta, á lù wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan, á wá gbé e fún ẹni tó ń du ipò.

"Tí ẹ bá ní ẹ máa tún páìpù ṣe," ló máa ń wí fún wọn, "wọ́n á bi yín pé ìgbà wo. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní Omidélé, omi ti délé nìyẹn. Ta ló ń bi orúkọ léèrè ọ̀rọ̀?"

Ìyàwó rẹ̀ ló fi ń dán wọn wò. Á bá a lẹ́yìn máṣíìnì ìránṣọ, ẹnu kún fún píìnì. "Ìwọ yìí, ó yá, pè é." Ọ̀rọ̀ tó bá gba àárín píìnì kọjá tó ṣì dún ketekete, ó ti tó tẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ gígùn kan mú kí píìnì gún obìnrin náà létè. Alágbẹ̀dẹ káàánú gidi, ó fa ọ̀rọ̀ náà ya. Kò tiẹ̀ béèrè ètè.

"Ìwọ yìí" náà ló ń pè é láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ gbà mí o! Ẹni tó ń sọ gbogbo ìlú lórúkọ, tó rọ orúkọ fún afárá tí wọn ò tíì kọ́! Ó dun aránṣọ, ó sì sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ rẹ̀ ní kó jẹ́ kí ìbò parí ná.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló bá Alága du ipò yẹn. Òótọ́ ni tiẹ̀. "Páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti jẹrà," ló ń wí kiri. "Ó máa pẹ́ ká tó hú u tán. Títí dìgbà yẹn, ẹ jẹ́ ká máa se omi kànga ká tó mu ún." Ta ló fẹ́ pariwo ìyẹn? Alágbẹ̀dẹ rọ ẹyọ kan lé obìnrin náà lórí: Agbómipamọ́. Àwọn ọmọ tó gbẹ̀bí wọn ń pariwo ẹ̀ tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Ẹ ò ṣe dáadáa," ni aránṣọ sọ.

"Ṣé ó gba àárín píìnì kọjá àbí kò gbà?"

"Ó gbà."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Bí Alága ṣe wọlé nìyẹn, tí aránṣọ sì ń pọn omi láti kànga ìsàlẹ̀. Ó ń pọn ọ́n, ó ń ráhùn. "Kí Omidélé wá gbé garawa yìí lórí mi o! Ọrùn mi ti wọnú àyà!" Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi ń pe ẹ̀rọ tó bá gbẹ ní omidélé.

Ẹ̀rín dín kù níbí. Onígbáméjì wọ ìlú. Ìbò tuntun sì ti ń sún mọ́lé, Alága ò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn. Alágbẹ̀dẹ lọ, ó rọ Inúrundíẹ̀. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ẹ má fòyà, Inúrundíẹ̀ lásán ni. Àwọn ìyá gbà á gbọ́, wọ́n fi ọmọ sílé. Ta ló ń tìtorí inú tó run díẹ̀ lọ sílé ìwòsàn? Ìgbà tí wọ́n máa gbé wọn dé, ọ̀pọ̀ ti lọ. Ọmọ káfíńtà tó múlé gbè wọ́n wà nínú wọn. Alágbẹ̀dẹ bá wọn sin ín. Nígbà tó délé, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, kò ní ọ̀rọ̀ kankan tó fẹ́ dán wò.

Kò pẹ́ tí onígbáméjì fi mú òun náà. Nọ́ọ̀sì àgbà ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nítorí àìsàn yìí, òun ló sì bá a lórí ibùsùn ilé ìwòsàn.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

Alágbẹ̀dẹ wo òkè àjà. "Onígbáméjì ni, Ìyá."

"O ṣeun. Ó yá, mu omi oníyọ̀ yìí."

"Mo lè rọ ọ̀rọ̀ tuntun fún yín, kí wọ́n gbàgbé tàkọ́kọ́."

"Panu dé, kí o mu omi."

Omi ọ̀hún tán. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, omidélé ni. Aránṣọ gbé garawa, ó sáré lọ. Ìgbà tó fi padà, wọ́n ti fi aṣọ bo ojú ọkọ rẹ̀.

Ibi tí wọ́n dé nínú ìtàn nìyí tí Alága fi wọ yàrá aránṣọ. Ó kí wọn, ó ṣe bí ẹni ń sunkún díẹ̀, ó wá jókòó ti aránṣọ.

"Ìyá wa, ẹ dárí jì mí. Ó ṣèlérí ọ̀rọ̀ kan fún mi. Wọ́n ní ó rọ ọ́ kó tó lọ. Ta ló wà níbẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì àgbà dìde láti igun yàrá.

"Èmi ni. Ó rọ ọ́ lóòótọ́. Apọnmimáráhùn."

"Há!" Alága gbá itan. "Ó dùn! Apọnmimáráhùn! Màá gbé garawa sórí, wọ́n á yà mí ní fọ́tò—"

"Kì í ṣe tiyín." Nọ́ọ̀sì yíjú sí aránṣọ. "Ó ní kí n sọ fún ẹ pé orúkọ rẹ nìyẹn. Ó ní òun jẹ́ kó pẹ́ jù."

Aránṣọ pariwo: "Irọ́ ni! Èmi? Èmi tí mò ń ráhùn láti kànga délé lójoojúmọ́ ayé?"

"A máa ń gbọ́ yín," ni káfíńtà wí.

Ẹ̀rín bú yàrá náà. Òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó di ara mú, àfi bó ṣe di ẹkún, tó ń sunkún bí ọmọdé. Nọ́ọ̀sì àgbà gbá a mọ́ra.

"Ìyá wa," ni Alága tún wí, "tí ẹ bá lè yá wa lórúkọ náà títí ìbò á fi—"

"Alága," aránṣọ nu ojú, "garawa wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ lọ pọn omi ná."

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó jókòó sẹ́yìn máṣíìnì. Ó kó píìnì sẹ́nu, ó wo àga tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí, ó sì pe orúkọ náà. Ó dún ketekete. Ó tún un pè, nítorí kò sí ẹlòmíràn mọ́ tó máa pè é bẹ́ẹ̀.