Ìwé tí Mo Fẹ́ Dáná Sun

Ìgbà tí inú bá ń bí mi nìkan ni mo máa ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi sínú ìwé. Bí ara bá tù mí, èmi àti bírò kì í ríra. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Àrándùn títí mo fi fẹ̀yìntì ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé náà sì kún páálí kan.

Nígbà tí mo kó padà sílé bàbá wa ní Ọ̀mù-Àrán, mo jókòó kà á. Ìjà ni ṣáá. Ìjà èmi àti ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ìjà èmi àti ọ̀gá ilé ìwé. Ìjà èmi àti ìyá ọkọ mi lórí ọ̀rọ̀ ata lásán. Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá kú, tí àwọn ọmọ mi ṣí páálí yìí, wọ́n á ní ìyá àwọn ò gbádùn ọjọ́ kan láyé. Mo gbé e, ó di ìdí iná lẹ́yìnkùlé.

Ìyàwó wa ló wà níbẹ̀, ó ń yan gàrí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi àgbà ni. Ó jù mí lọ dáadáa, àmọ́ wọ́n ti bí mi kí ó tó wọlé, nítorí náà ọkọ ni mo jẹ́ sí i, kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ mi. Gbogbo ọmọ tó bá nílé ló fún lórúkọ tí yóò máa fi pè wọ́n. Akọ̀wé ló pe èmi, torí pé ó bá mi níbi tí mo ti ń fi èédú ya ìyàkuyà sára ògiri. N kò tíì mọ A nígbà yẹn. Orúkọ yẹn ló tì mí dé ìdí ìwé.

Ó ní, “Akọ̀wé, kí lẹ fẹ́ fi ìwé ṣe nídìí iná mi?”

Mo ní mo fẹ́ sun ún ni. Ó ní kí n ka díẹ̀ létí òun ná, òun ò rí ẹni bá tàkúrọ̀sọ.

Mo ṣí èyí tó bá wá. Ọjọ́ tí ọkọ mi gbàgbé láti wá gbé mi ní Àrándùn ni. Ọ̀kadà ni mo gùn wálé nínú òjò, bàtà mi kan já bọ́ lọ́nà, mo sì fi ìbínú wá sùn sílé bàbá wa. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kò ní bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé.

Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi dáwọ́ gàrí dúró. “Ẹ ò wá kọ ti ọjọ́ kejì? Ọkọ yín wá bàtà náà títí ó fi rí i. Ó fọ̀ ọ́, ó gbé e wá síbí, ẹ̀yin méjèèjì jọ jẹ iṣu nínú abọ́ kan, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.”

Mo ti gbàgbé pátápátá. Mo wo ìwé náà: láti ọjọ́ bàtà, n kò kọ nǹkan kan mọ́ títí ọyẹ́ fi mú. Àlàáfíà ló wà láàárín wa ní gbogbo ìgbà yẹn. Omi bọ́ lójú mi.

N kò sun ìwé mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó. Màá ka ìjà, á sọ ohun tó tẹ̀lé e, màá kọ ọ́ sí àyè tó ṣófo. Nígbà míì ó máa ń gbè lẹ́yìn ọkọ mi, inú á tún bí mi.

Òun nìkan ló kù láyé tó ń pè mí ní Akọ̀wé, òun náà sì ti ń gbàgbé. Lánàá, mo ka ọ̀kan sí i létí. Ó wo iná títí.

“Akọ̀wé, èyí ò wá sí mi lọ́kàn o. Ẹ ṣáà kọ ọ́ pé ẹ jọ jẹun.”

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.