Ẹsẹ̀ Ilé Wa Nínú Adágún

Adágún kan wà lẹ́yìn oko àwọn ará ilé ọkọ mi, lójú ọ̀nà Ìjù-Odò. Kò tóbi. Nígbà òjò, odò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á kún bò ó, ẹja á sì wọlé. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, odò á padà sáyè rẹ̀, ẹja á kù síbẹ̀, a ó wá yan ọjọ́ kan tí gbogbo wa á lọ gbọ́n ọn. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tirẹ̀. Ẹrẹ̀ àti koríko la fi ń mọ ògiri kúkúrú sáàrin ìpín kan àti èkejì. Olúkúlùkù á máa gbọ́n omi tirẹ̀ dà sẹ́yìn, títí wọn á fi máa rí ẹ̀yìn ẹja nínú ẹrẹ̀.

Mo bá òfin kan níbẹ̀ nígbà tí mo délé ọkọ. Ilé tó bá ní ìpín gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ nínú omi lọ́jọ́ tí a bá ń gbọ́n. Ẹsẹ̀ ọmọ ilé ni o, tàbí ti ìyàwó ilé. Alágbàṣe kò kà. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá jáde kí omi tó gbẹ, ẹni tí ẹ jọ pààlà lè wó ògiri, kó so ìpín yín mọ́ tirẹ̀, ó parí nìyẹn. Àwọn àgbà kò fẹ́ kí ẹni tó jókòó sílé máa jẹ ẹja ẹni tó wọ ẹrẹ̀. Èmi náà ò rí aburú kankan nínú òfin náà, àfìgbà tó kàn mí.

Ọkọ mi ti kú. Orúnkún mi ọ̀tún ti wú láti ìgbà òjò, mi ò lè tẹ ẹrẹ̀. Àwọn ọmọ mi wà lọ́nà jíjìn, iṣẹ́ kò sì jẹ́ kí wọ́n lè wá. Ẹni tó sún mọ́ mi ni ìyàwó ọmọ mi, ọmọ Ọ̀yọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan níbí. Mo pè é lórí fóònù, mo sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún un.

Ó ní, "Màmá, ṣé ejò wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Ó máa ń wà. Àmọ́ ariwo wa á ti lé e lọ kó o tó dé."

Ó ní, "Ó dáa, mà. Mo ń bọ̀ ní Sátidé."

Bàtà òjò tuntun ló wọ̀ wá bá mi létí omi, ó ga dé orúnkún. Àbúrò ọkọ mi, tí òun àti àwa jọ pààlà, wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé o fẹ́ gbọ́n adágún ni, àbí o fẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò fún ìjọba?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ná, sà."

Kò tíì rìn jìnnà tí ẹrẹ̀ fi gba bàtà kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ju èkejì sétí omi, ó fi ẹsẹ̀ lásán wọlé, ó gbé báfù, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́n omi.

Obìnrin kan pè é láti ìpín kejì, "Ìyàwó Ọ̀yọ́, omi nìyẹn o, kì í ṣe ọbẹ̀. Má rọra bù ú."

"Ẹ̀yin ìyá mi, tí mo bá gbọ́n ọn yára tó ta sí yín lójú, ẹ ó ní ọmọ Ọ̀yọ́ ò mọ̀wà hù."

Omi ti fà dé ìdajì ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹja àrọ̀ kan yọ ẹ̀yìn. Ó kì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó ráyè sọ̀rọ̀. Ẹ̀gún ẹja náà wọ̀ ọ́ ní àtẹ́lẹwọ́. Kò pariwo. Ó kàn tẹ̀ ba síbẹ̀, ó di ọwọ́ mú, ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú ẹrẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi dúró. Ó ń wo ògiri tó wà láàrin wa.

Ẹja ìpín yẹn ni mo máa ń yan sókè ààrò, òun la fi ń jẹ púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa, láti ọ̀gbẹlẹ̀ títí òjò fi ń dé. Òun ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ. Síbẹ̀ mo pe ìyàwó ọmọ mi, mo ní, "Jáde wá, ìyàwó mi. Ọwọ́ rẹ ju adágún lọ." Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́.

Ó gbójú sókè. "Màmá, ṣé ọwọ́ ni wọ́n ní kó wà nínú omi ni, àbí ẹsẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ mi ò ṣe nǹkan kan."

Mo tú gèlè mi, àwọn obìnrin bá mi nà án sí i, ó fi di ọwọ́ náà. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbọ́n omi lọ, díẹ̀díẹ̀. Àwọn ilé yòókù ti ń kó ẹja, tiwa ṣì ń gbọ́n. Òfin kò kúkú sọ pé kí a yára.

Àbúrò ọkọ mi parí tirẹ̀, ó jókòó létí omi. Ó ní, "Ìyàwó, bí a bá ní ká dúró dè ọ́, òjò ni yóò bá wa níbí."

"Bàbá, ẹ bá mi gbọ́n díẹ̀ níbẹ̀, kí òjò má baà bá yín."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ó wò wọ́n, ó wo èmi náà, ó mi orí, ó sì dìde mú garawa rẹ̀. Kò kọjá ògiri. Ó dúró sínú ìpín tirẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó ń bá a gbọ́n. Ẹsẹ̀ tiwa wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò dáa.

A kó ẹja. A fi ìyá ẹja sílẹ̀ nínú ihò tó jìn, bí a ti máa ń ṣe. Nígbà tí wọ́n ń gbé apẹ̀rẹ̀ sójú kan, àgbà ilé ń pè wọ́n ní ìpín-ìpín. Orúkọ bàbá àwọn ọmọ mi ni wọ́n máa ń fi pe tiwa, kódà lẹ́yìn tó kú. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní, "Ti ìyàwó Ọ̀yọ́ dà?"

Ó ṣe mí bákan pé wọn kò pe orúkọ ọkọ mi. Mo wo ọmọbìnrin náà níbi tó jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú abọ́ omi gbígbóná, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Mo ní, "Òun nìyí," mo sì ti apẹ̀rẹ̀ náà síwájú.