Èékánná Sùlíyá

Ojo ni màmá mi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọ sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìyá rẹ̀, àmọ́ àwọn náà ò jiyàn. Alángbá ń bà wọ́n lẹ́rù, ààrá ń bà wọ́n lẹ́rù, tí wọ́n bá sì ti ilẹ̀kùn tán, wọ́n á tún padà lọ wò ó. Síbẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni Olúwayẹ́misí ọmọ Ìjẹ̀bú yìí yàn láàyò, ní ọsibítù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin Agége, ní nǹkan bí ọdún 1958, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí ilẹ̀ Ìkẹjà. "Padàwò" ni àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n, torí bí wọ́n bá yẹ aláìsàn wò tán, wọn kì í rìn jìnnà kí wọ́n tó ṣẹ́rí padà.

Orúkọ yẹn ń dùn wọ́n. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, wọ́n pinnu pé àwọn ò ní padà wo ẹnikẹ́ni mọ́. Ọjọ́ burúkú ni wọ́n yàn fún un.

Màmá mi nìkan ló wà ní wọ́ọ̀dù. Dókítà ń ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ ní yàrá kejì. Aláìsàn méjì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àlàmú, bíríkìlà láti Ìkẹjà, ni irin já lù lẹ́sẹ̀. Igbe rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin sì ń bá a gbè é. Ẹnì kejì ni Sùlíyá, ìyàwó ọjọ́ mẹ́sàn-án, tí tìróò ṣì wà lójú rẹ̀, tí làálì ìgbéyàwó ṣì pupa ní àtẹ́lẹwọ́ àti èékánná rẹ̀. Ẹ̀yìn básíkùlù ọkọ rẹ̀, Nùréènì, ló ti ṣubú, tó fi ẹ̀gbẹ́ òsì gbá òkúta. Ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbé e wá.

"Ìyàwó, ibo ló ń dùn ọ́?" màmá mi bi í.

Sùlíyá kọ́kọ́ wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀. "Kò sí nǹkan, nọ́ọ̀sì. Ẹ ṣáà bá mi wá omi."

"Ọmọ tó ní sùúrù ni," ni ìyá ọkọ fi tayọ̀tayọ̀ sọ. "Láti ilé, kò pariwo rárá."

Ohun tí màmá mi kọ́ nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tán lára ènìyàn, àtẹ́lẹwọ́ àti èékánná rẹ̀ á funfun. Wọ́n gbé ọwọ́ Sùlíyá, wọ́n wò ó. Ó pupa dáadáa. Ni wọ́n bá fi í sílẹ̀, wọ́n sáré lọ bá Àlàmú.

Wọ́n ti fẹ́ di ẹsẹ̀ Àlàmú tán nígbà tí wọ́n gbọ́ tí Sùlíyá tún bèèrè omi. Ó tún bèèrè ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó yán, ó tún yán, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Màmá mi rántí pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tán lára rẹ̀ máa ń bèèrè omi, ó sì máa ń yán, ni wọ́n bá kígbe:

"Yéè! Làálì ni mo wò! Mi ò wo ẹ̀jẹ̀!"

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ fẹ́ kó kú ni?" àwọn ọ̀rẹ́ Àlàmú figbe ta nígbà tí màmá mi fi Àlàmú sílẹ̀.

"Ẹ bá mi di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, ẹ ò gbọdọ̀ tú u!"

Wọ́n fa ìpéǹpéjú Sùlíyá wálẹ̀: inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Ahọ́n rẹ̀ náà funfun. Ara rẹ̀ tutù, òógùn sì bò ó. Iṣan ọwọ́ rẹ̀ ń lù kíkankíkan, àmọ́ kò lágbára. Nígbà tí wọ́n tẹ ikùn rẹ̀, ó le gan-an. Ìyá ọkọ ti ń gbé ife omi bọ̀. Màmá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, torí ẹni tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ò gbọdọ̀ mu omi. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè, wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, wọ́n wá iṣan ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ fa omi sí. Abẹ́rẹ́ tàsé lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n sọ fún mi pé ìtọ̀ fẹ́ bọ́ lára àwọn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló wọlé, ni wọ́n bá kígbe pe dókítà: "Ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ikùn rẹ̀!"

Ẹ̀jẹ̀ Nùréènì bá ti ìyàwó rẹ̀ mu, wọ́n fà á sí i lára. Bí dókítà ṣe parí ti ọwọ́ rẹ̀, ó gbé Sùlíyá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, màmá mi sì dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ogún ìṣẹ́jú ni màmá mi fi fi í sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń di ẹsẹ̀ Àlàmú. Títí di òní, bí wọ́n bá ń sọ ọ́, ogún ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n fi máa ń bẹ̀rẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Sùlíyá wá dúpẹ́. Màmá mi ò tiẹ̀ dáhùn ìkíni rẹ̀ kí wọ́n tó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Èékánná ti hù, ó ti ti làálì dé ìdajì. Nísàlẹ̀, níbi tí tuntun ti ń hù, àwọ̀ rẹ̀ gan-an ló wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì hàn lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n wo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kó máa lọ, kó kí ọkọ rẹ̀. Ó ti dé géètì kí wọ́n tó sáré jáde.

"Ìyàwó! Jọ̀ọ́, padà wá, jẹ́ kí n tún un wò."