Ìkíni Onídìrí

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ùsì ní kí n máa wá kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo fara balẹ̀ kọ́ wọn bí a ṣe ń kí oníkálukú lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ ènìyàn kí ti rí ọ̀nà wọlé.

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ pé ìyá ọ̀kan nínú wọn, onídìrí, fẹ́ yọ ọmọbìnrin rẹ̀ kúrò, kí ó máa fi àkókò Yorùbá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì sí i. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, ẹ má bínú," ó ní, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí oníbàárà tó ń dirun fún. "Yorùbá wà ní ulé, ọ̀fẹ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sanwó fún."

"Ṣé Yorùbá lo ń bá a sọ ní ulé?"

Oníbàárà ló bá a fèsì: "Yorùbá kẹ̀? Òyìnbó ni àwọn méjèèjì ń sọ síra wọn."

Onídìrí fa irun rẹ̀ díẹ̀, ó ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Ó wá sọ ohun tó ń dùn ún fún mi. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pè é lórí fóònù nígbà Kérésì. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pa wọ́n lẹ́rìn-ín títí ó fi pa fóònù. Kò fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ òun rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láé. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ibẹ̀ la wà tí ọmọ náà ti ilé-ìwé dé. Ó bọ́ báàgì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kí ìyá rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ wọn láti máa kí onídìrí.

"Ojú gbooro o."

"Òòyà á yà á o," ni ìyá rẹ̀ dáhùn, kó tó mọ̀ pé òun ti la ẹnu. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní ẹnu ìyá òun tó kọ́ òun ní irun dídì ní Ìpáò lòun ti gbọ́ èsì yẹn. Láti ìgbà tí ìyá ti kú, kò sẹ́ni tó kí òun bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Mọ́mì, kí ni òòyà?"

Ìyá yọ kóòmù tó há sínú irun ara rẹ̀, ó fi lé ọmọ lọ́wọ́.

"Ó ti ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn," ni oníbàárà wí. "Ẹ yà mí lórí jàre, kílẹ̀ tó ṣú."

Nígbà tó yá, onídìrí ní: "Bàbá, kó máa bá a lọ. Àmọ́ kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù má baà tún fi Gẹ̀ẹ́sì wa rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà lẹ ó kọ́ wa o."

Mo ní mo gbà. Ohun tó gbé èmi arúgbó dé ṣọ́ọ̀bù onídìrí lọ́sàn-án Sátidé nìyẹn: mò ń kọ́ ìyá àtọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníbàárà sì ń dá sí i.