Ohùn Ìyá Mi Nínú Téèpù Àtijọ́

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí ìyá mi kú, mi ò mọ ohùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sọ fún mi pé òyìnbó míṣọ́nárì kan gba orin ìyá wa sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílùú rẹ̀, ó fún bàbá wa ní téèpù náà àti ẹ̀rọ tó fi gbà á.

Mo ti di tíṣà ní Ọ̀yọ́ kí bàbá tó gbé téèpù náà fún mi. Ribiti ni, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Kásẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ayé ń lò nígbà yẹn. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Akẹ̀sán yí i wò títí.

"Tíṣà, kò sí ẹ̀rọ tó máa gba èyí níbí mọ́. Èyí tí wọ́n fi gbà á ńkọ́?"

Mo lọ bi bàbá mi. Ó ní òun ti fún ọ̀rẹ́ òun kan ní Ìrẹsà, ìyẹn sì ti tú u palẹ̀.

"Ta ló tún ń gbọ́ irú ẹ̀?" Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ bàtà tó ya ló ṣe sọ ọ́.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wá lọ bá bàbá àgbàlagbà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣì ní irú ẹ̀rọ náà. Ó fi téèpù sí i. Ohùn kan jáde, ó ń sáré, ó tín-ín-rín bí ti ọmọ ẹyẹ.

"Ẹ má bínú," bàbá náà ní. "Ẹ̀rọ tó ń rọra yí ni wọ́n fi gbà á. Eré kan ṣoṣo ni tèmi mọ̀." Ó wo ẹ̀gbọ́n mi. "Ṣé òun nìyẹn?"

"Kì í ṣe òun, sà."

Bàbá náà fi ìka tẹ téèpù tó ń yí náà kó lè falẹ̀ díẹ̀. Téèpù náà já, ìyẹ̀fun pupa tó wà lára rẹ̀ sì ń gbọ̀n sílẹ̀. Nígbà tó fẹ́ so ó, ó tún já.

Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní ì bá sàn ká má lọ. Ó ní ohùn ẹyẹ yẹn ti bo èyí tí òun rántí mọ́lẹ̀.

Bàbá mi ń jẹun nígbà tí mo délé. Ó bi mí pé ṣé a gbọ́ ọ.

"Ẹ̀rọ tí ẹ fi ta ọ̀rẹ́ yín lọ́rẹ nìkan ló lè kọ orin náà bó ṣe yẹ, bàbá."

Ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.