Àwo Oúnjẹ Méjì ní Nọ́wè

Bí ẹ bá rí Cornelius Ọláwọlé ní Houston lọ́dún 1987, ẹ ó ní ayé rẹ̀ dára. Enjiníà ni ní ilé-iṣẹ́ epo kan lẹ́bàá freeway tó lọ sí ìwọ̀-oòrùn ìlú. Ó ní ilé, ó ní mọ́tò, kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n èmi Àrẹ̀mú, tí a jọ kàwé, tí a jọ fọ abọ́ nílé oúnjẹ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, mo mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń bá ọkùnrin náà gbé. Evelyn ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún 1985. Ọmọ́bọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń gbé ní Humble, ìlú kan lẹ́bàá Houston, kò sì bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tó fà á kò pamọ́. Nígbà ìsìnkú Evelyn, àwọn àgbà ìjọ yí Cornelius ká, wọ́n ní kó mọ́kàn le, kó má jẹ́ kí ọmọ rí omi lójú rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe máa ń sọ ọ́. A kàn ń sọ ọ́ ni, a kò retí pé kí èèyàn gbà á tọkàntọkàn. Cornelius tiẹ̀ gbà á. Kò sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sunkún létí sàréè, nígbà tó sì di ọjọ́ Ajé, ó so táì mọ́rùn, ó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ọmọ́bọ́lá ń wò ó. Ó ní, "Dádì, you didn't even love her," ló bá kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé. Títí di òní ni inú ṣì ń bí mi sí àwọn àgbà yẹn.

Evelyn ló fẹ́ rí Nọ́wè. Ó rí àwòrán ibẹ̀ lára kàlẹ́ńdà kan níbi tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì: omi òkun tó gba àárín òkè gíga wọ inú ilẹ̀ lọ, tí ilé kéékèèké pupa tò sí etí rẹ̀. Bí ooru Houston bá ti mú un, á ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tútù yẹn jàre." Cornelius á rẹ́rìn-ín, á ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1987, òun nìkan dá lọ.

Mo bi í pé kí ló ń wá lọ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnì kankan.

"Àrẹ̀mú, I don't know," ó dá mi lóhùn. "Bóyá tí mo bá dé ibẹ̀, màá rí nǹkan kan tí mo lè sọ fún Bọ́lá, tó máa fi gbọ́ tèmi."

Ọkọ̀ ojú omi tó wọ̀ kì í kánjú. Ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà àti ẹrù káàkiri etíkun ni. Kò sí abúlé tí kì í yà sí: á já àpótí kalẹ̀, á gbé arúgbó kan, á tún máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Cornelius á wọ ẹ̀wù òtútù ní àsìkò tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ìgbà ooru, á dúró síta, á máa wò. Òkè ga lọ́tùn-ún, ó ga lósì, omi ń ṣàn bọ̀ láti orí wọn, ó funfun bí omi ògì. Omi ìsàlẹ̀ dúdú, ó pa rọ́rọ́. Bí wọ́n ṣe ń lọ sí àríwá sí i, oòrùn kọ̀, kò wọ̀ mọ́, ọkùnrin náà kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó gbàdúrà alẹ́. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń kí. Wọ́n á mi orí, wọ́n á kọjú sí omi wọn padà. Kì í ṣe pé wọ́n burú, bí tiwọn ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ Yorùbá tó ń kíni láràárọ̀ tí kò rí ẹni bi í pé ṣé ó jí dáadáa, ìyà ń jẹ ẹ́. Ó ní ó tó àsìkò kan tí òun ń dá sọ Yorùbá sókè, kí etí òun ṣáà lè gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ní kí oníkálukú lọ bu oúnjẹ. Orúnkún máa ń dun Evelyn, nítorí náà níbikíbi tí wọ́n bá ti ń to ìlà oúnjẹ, Cornelius ló máa ń bu tirẹ̀ wá fún un. Ó bu ẹja àti ọ̀dùnkún sí àwo kan, ó bu òmíràn sí èkejì, ó gbé méjèèjì dé tábìlì, ó jókòó. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó ṣe. Kò lè dá a padà, kò sì lè jẹ ẹ́. Ìyá arúgbó kan tó ń kọjá wo àwo méjì, wọ́n wo àga tó ṣófo. Ojú ti Cornelius. Ọ̀rọ̀ ilé ló bọ́ sí i lẹ́nu, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́: "Please, come and eat."

Ẹ̀yin náà mọ èsì ẹ̀. Ẹni tí a bá pè wá jẹun á ní á gba ibi ire, á bá tirẹ̀ lọ. Ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún ìyá Nọ́wè? Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n mú fọ́ọ̀kì.

Ẹ̀rín pa mí nígbà tó ń ròyìn rẹ̀. Ó ní kí n dákẹ́. Ó ní inú bí òun gidigidi, pé oúnjẹ Evelyn ni àjèjì yìí ń gbé mì. Kó tó mọ̀, ó ti sọ ọ́ síta: "That is my wife's food." Ìyá náà gbójú sókè, wọ́n bi í níbi tí ìyàwó rẹ̀ wà. Cornelius lanu láti dáhùn, ẹkún ló bú jáde, ẹkún ńlá, lójú gbogbo èrò ọkọ̀. Ìyá náà kò bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń jẹun lọ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní èbúté tó tẹ̀lé e, Cornelius sọ̀ kalẹ̀, ó wá fóònù, ó pe Humble. Collect call ni, àfi kí ẹni tí wọ́n pè gbà láti san owó rẹ̀. Obìnrin tó ń so wáyà pọ̀ béèrè bóyá Ọmọ́bọ́lá gbà. Cornelius ń gbọ́ èémí ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà tún béèrè.

"Yes," ni Ọmọ́bọ́lá wí.

Cornelius ro gbogbo rẹ̀ fún un, àwo méjì, ìyá arúgbó, ẹkún.

"So it's fish," Ọmọ́bọ́lá ní. "Ẹ ò sunkún fún mọ́mì mi, ẹ wá ń sunkún torí ẹja."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ́lá. Ó dùn mí. Látọjọ́ yẹn ló ti ń dùn mí. Mo rò pé tí mo bá sunkún, ìwọ náà á wó lulẹ̀ ni."

Cornelius ń dúró kí ọmọ rẹ̀ gbé fóònù jù sílẹ̀. Kò gbé e jù sílẹ̀.

"That old lady," ni Ọmọ́bọ́lá wí nígbẹ̀yìn. "Kí ni wọ́n sọ nípa oúnjẹ náà?"

"Wọ́n ní iyọ̀ rẹ̀ ò tó."

"Mọ́mì náà á sọ bẹ́ẹ̀," ó ní.

Ọkọ̀ fun fèrè lẹ́yìn Cornelius pé òun ti ń lọ. Cornelius kò mira.