Ọpẹ́ Òwúrọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ojúmọmọ ọjọ́ kan péré ni mo lò ní Lọ́ńdọ̀nù, ní àárín àwọn ọdún 1950. Ìjọba Àríwá ní Kàdúná ló rán àwa olùkọ́ obìnrin mélòó kan lọ kẹ́kọ̀ọ́ oṣù mẹ́sàn-án ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ wa jìnnà sí olú ìlú wọn.

Kí n tó kúrò ní Kábà, ìyá mi gbé aṣọ kan lé mi lọ́wọ́, aláró àti funfun, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn hun. Wọ́n ní kí n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì òyìnbó tó gbẹ̀bí mi. Ọjọ́ méjì ni ìyá mi ti fi rọbí kí obìnrin náà tó gun kẹ̀kẹ́ dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àìsàn lé òun náà padà sí ìlú rẹ̀, ìyá mi kò sì tíì lè dìde lọ dúpẹ́. Ó dùn wọ́n fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

“Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́,” ni wọ́n wí, “bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Má fi lẹ́tà dúpẹ́ o. Fi orúnkún dúpẹ́.”

“Bí wọ́n bá ti kú ńkọ́, Ìyá?”

“Kí ló dé tí o fi ń pa wọ́n? Lọ ná.”

Àwọn òyìnbó ìjọ wa fún mi ní àdírẹ́sì nọ́ọ̀sì náà. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a padà sílé, mo gbàyè, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, mo sùn sí ilé àwọn obìnrin ìjọ kan. Ọkọ̀ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni yóò gbé mi padà. Bí n kò bá rí wọn lọ́jọ́ náà, ó parí nìyẹn.

Nílùú wa, ẹni tó ń lọ dúpẹ́ kì í jẹ́ kí oòrùn bá òun lọ́nà. Àárọ̀ kùtù ló ń lọ, kí olóore tó jáde lọ sóko. Nítorí náà, aago mẹ́fà òwúrọ̀ kò tíì lù tí mo fi kanlẹ̀kùn. Àbúrò nọ́ọ̀sì náà, arúgbó obìnrin kan tó wọ aṣọ ìsùn, ló ṣílẹ̀kùn.

“Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, mà. Mo wá dúpẹ́ ni.”

“Dúpẹ́? Ní irú àkókò yìí? Ẹni tó bá gbé ìròyìn ikú wá nìkan ló ń kanlẹ̀kùn báyìí! Ẹ̀gbọ́n mi ń sùn. Padà wá ní aago mẹ́rin, kí o wá mu tíì.”

Wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n wọ́n tì í. Ojú tì mí. Mo gbé aṣọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí rìn, nítorí n kò mọ ibi tí mo lè jókòó sí fún wákàtí mẹ́wàá.

Báyìí ni mo ṣe rí Lọ́ńdọ̀nù. Mo rí odò ńlá wọn, tí omi rẹ̀ pọ́n bí omi àgbàrá. Mo rí àwọn ilé olókùúta tí èéfín ti sọ di dúdú, àti láàárín wọn, ilẹ̀ tí bọ́ǹbù ti wó ilé orí rẹ̀, tí igbó ti hù sí. Mo ti rò pé àwa nìkan la ní ahoro.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan, mo rí i pé orí ibojì ni à ń tẹ̀. Mo dúró, mo ń wá ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo lè gbà. Bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ rẹ́rìn-ín.

“Máa kọjá, ọmọ mi. Kò tíì sí èyí tó pariwo nínú wọn.”

Mo sọ fún wọn pé nílé wa náà, inú ilé ni a ń sin àwọn àgbà sí, a sì ń sùn lókè wọn.

“Ẹ̀yin náà?” Inú wọn dùn. Wọ́n mú mi yí ká, wọ́n ń fi àwọn ọba àti olorì hàn mí bí ẹni ń fi ẹbí han àlejò. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà.

Ní aago mẹ́rin, wọ́n gbà mí wọlé. Nọ́ọ̀sì náà ti di ìyá arúgbó, wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ti rù. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn ní ìkíni ilẹ̀ wa. “Okun o, mà.”

“Okun,” ni wọ́n dáhùn, bí ẹni tó kúrò ní Kábà lánàá.

“Dìde, jọ̀ọ́, tíì ń tutù!” ni àbúrò wọn wí.

N kò dìde. Mo jíṣẹ́ ìyá mi. Nọ́ọ̀sì náà mi orí.

“Ọmọ tí mo gbà pọ̀. N kò rántí ìyá rẹ.”

Mo tẹ́ aṣọ náà lé wọn lórí itan, mo ní ọjọ́ méjì ni ìyá mi fi rọbí. Ọwọ́ wọn dúró lórí aṣọ.

“Ọjọ́ méjì. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ. Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ, ọmọ náà kò tíì lè fa ọmú. Ṣé ó yè?”

“Èmi ni, mà.”

Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. “Bọ́ bàtà rẹ.”

Mo jókòó sílẹ̀, mo bọ́ ọ. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n di ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. “Ẹ wo àwọn aláìgbọràn tí mo fà jáde! Sọ fún ìyá rẹ pé mo dúpẹ́.”

Mo fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn, ọkọ̀ ojú irin sì lọ láìsí mi.